Mo Fi Orúkọ Opó Jẹ Àlàájà

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìtàn mi yìí, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná. Yàrá kékeré kan ni mo wà báyìí ní Báládì, ní àárín Jẹ́dà àtijọ́. Àpò méjì ni gbogbo ẹrù tí mo ní láyé. Ọmọbìnrin mi, Hàwáù, jókòó lé ọ̀kan nínú wọn, ó ń bi mí pé, "Lẹ́ẹ̀ṣì, yá mámà?" Èdè Lárúbáwá ló fi ń bi mí pé kí ló dé, kí ló dé tí a fi kúrò ní Mẹ́kà, nítorí Mẹ́kà ni mo bí i sí, kò mọ ilé mìíràn. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n sọ pé ẹnu mi ló lé wa jáde? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu mi ni! Ẹnu yìí kan náà ló kọ́kọ́ purọ́ kó tó sọ òótọ́. Irọ́ yẹn ni mo wá jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín. Ní ti òótọ́ tí mo sọ lẹ́yìn rẹ̀, kò dùn mí rárá. Bí ẹ bá tún gbé fóònù síwájú mi lónìí, màá tún un sọ, ohùn mi á sì tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Gbogbo àwọn Yorùbá tí a jọ ń gbé ní Tàndàbáwì, ní Mẹ́kà, ló ti kẹ̀yìn sí mi. Obìnrin tí a jọ ń se oúnjẹ fún àwọn tó wá ṣe Háájì ní mo ti da omi àlàáfíà wọn rú. Ẹlòmíràn ní ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Wọ́n ní ṣé èmi nìkan ni mo fi ìwé tí kò mọ́ wọ ìlú oníìlú ni, tí mo wá ń pariwo kiri? Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò bá wọn jà, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìwé mi. Ẹ jẹ́ kí n wá mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní Mẹ́kà láti ọdún mọ́kànlá ni Àlàájà Rábíátù. Èmi kọ́ ni Rábíátù. Rábíátù jẹ́ opó kan ní ìlú wa nílé, tó ń ṣe ọṣẹ dúdú tà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ó sì ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i mú.

Ọnárébù kan wà tó ń ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Nígbà tí ìbò kù díẹ̀, ó kéde pé òun yóò mú àwọn opó lọ sí Mẹ́kà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ka orúkọ wọn ní mọ́sáláṣí, gbogbo ènìyàn ń ké Alláhù Akúbárù, Ìyá Ọlọ́ṣẹ náà wà níbẹ̀, orúkọ ọṣẹ yẹn náà ni wọ́n sì fi pè é. Èmi nígbà náà, abọ́ oníke ni mò ń tà. Ọkọ mi ti fi mí sílẹ̀, mi ò sì bímọ fún un. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé nínú ẹgbẹ́ àṣàlátù wa, gbogbo àwọn tí a jọ wà ló ti di Àlàájà. Bí a bá ń pín nǹkan, "Àlàájà, ẹ gba tiyín. Àlàájà, tiyín nìyí." Bó bá wá kàn mí, wọ́n á ní, "Oníke dà?" Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára.

Ọmọ ẹ̀yìn Ọnárébù tó ń bójú tó ètò ìrìnàjò náà ni wọ́n ń pè ní Àlàájì Mùtíù. Òun ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn opó náà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ń ṣàìsàn, kò lè lọ mọ́, àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí n tètè dìde. Mo ta gbogbo ọjà mi, mo kó owó rẹ̀ fún un. Nígbà tí ìwé ìrìnnà jáde, àwòrán ojú mi ló wà nínú rẹ̀, orúkọ Rábíátù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Àlàájì, orúkọ mi kọ́ rèé o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé orúkọ ló ń rọ̀bìrìkìtì Káábà ni? Ẹsẹ̀ mà ni, ìyá! Ẹsẹ̀ tiyín ni kí ẹ gbé dání." Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ènìyàn mi! Láti ṣọ́ọ̀bù mi dé ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ, omi orí iná kò tíì ní hó tán kí n tó lọ kí n tó bọ̀. Mo lè lọ wò ó bóyá àìsàn ń ṣe é lóòótọ́. Mi ò lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá lọ, màá bá a níbi tó ti ń po ọṣẹ, ara rẹ̀ á sì le koko, màá sì ní láti dá ìwé Mùtíù padà fún un. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sí ibùdókọ̀ àwọn aláájì kí n má baà pàdé rẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Jẹ́dà, lábẹ́ àwọn àgọ́ funfun gíga tí wọ́n ti ń gba àwọn aláájì wọlé, òṣìṣẹ́ kan pe "Rábíátù!" Mo ní, "Náámù." Ó ti parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ ẹ. Ní Árááfà, nígbà tí gbogbo ayé gbọ́wọ́ sókè tí wọ́n ń sunkún, mo fẹ́ dárúkọ ara mi fún Ọlọ́run, mi ò rí i dá. Ìtìjú mú mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bí ẹni pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè gbọ́.

Kí ni mo fẹ́ padà lọ ṣe nílé? Mo ti ta ọjà mi tán. Àwọn ẹgbẹ́ mi padà, èmi dúró sí Tàndàbáwì, mo ń fọṣọ, mo ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata fún àwọn ará wa tó bá wá ṣe Háájì tí oúnjẹ Lárúbáwá kò wọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá Hàwáù, ọmọ Ìlọrin, awakọ̀ ni. Ọlọ́run fi ọmọ kan ṣoṣo yìí ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo ti gbà pé ó ti tán. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi kú. Kò sí ìkámà lọ́wọ́ mi, ìyẹn ìwé ìgbélùú wọn, kò sì sí lọ́wọ́ ọmọ mi. Ilé ìwé kankan kò gbà á. Láràárọ̀ ni Hàwáù máa ń dúró lójú fèrèsé, á máa wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń lọ síléèwé. Kì í sunkún. Ì bá sàn fún mi bó bá ń sunkún.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí aṣírí fi tú nílé lọ́dún yìí. Àwọn oníròyìn rí ìwé àwọn opó ọjọ́sí, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kúrò nílé rí, pé ṣe ni wọ́n ta àyè wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú Ìyá Ọlọ́ṣẹ lórí rédíò. Arúgbó náà ní, "Èmi ni Rábíátù. Ìwé ìjọba ní mo ti lọ sí Mẹ́kà, mo ti bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá bá mi pàdé níbẹ̀ kó wá sọ fún mi bí ibẹ̀ ṣe rí." Háà! Ọ̀rọ̀ yìí ló bi Ọnárébù wó. Àárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kọ̀wé fi ilé aṣòfin sílẹ̀. Àwọn elétò ìdìbò ní kí àwọn ará ìlú tún ìbò dì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fà kalẹ̀? Ìyàwó rẹ̀! Ojú ò mà ti àwọn ènìyàn yìí o.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó ṣe fẹ́ wọlé nígbà tí ohùn arúgbó yẹn ṣì ń dún létí gbogbo ìlú? Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òpùrọ́ ni. Wọ́n ní Rábíátù tòótọ́ wà ní Mẹ́kà, ó wà ní àlàáfíà, pé Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti ń ṣarán, àwọn ọ̀tá ló ń lò ó. Ta ló sì fẹ́ já wọn nírọ́? Ta ló mọ ohun tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń jẹ́ gan-an?

Àlàájì Mùtíù ti wà ní Jẹ́dà láti ọdún mélòó kan, ó ń ṣe amọ̀nà fún àwọn aláájì ní pápákọ̀. Ó wá bá mi ní Tàndàbáwì tòun ti èso dàbínù. Ó jókòó lórí ẹní mi, ó gbé Hàwáù sórí itan, ó ní, "Ọmọ yìí mà ti tó ọmọ iléèwé." Ó ní Ọnárébù mọ ẹni tó lè ṣe onígbọ̀wọ́ wa lọ́dọ̀ àwọn ará ibí, pé kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, èmi àti ọmọ á gba ìkámà. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí n fi níkàbù bojú, kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fóònù. Mo wo ọmọ mi. Mo fi níkàbù bojú. Mo ní, "Èmi ni Àlàájà Rábíátù, opó tí Ọnárébù gbé wá sí Mẹ́kà. Mo wà láàyè, mo sì ń gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má gba arúgbó tó ń sọ pé òun ni èmi gbọ́. Ẹ dìbò fún ìyàwó rẹ̀." Mùtíù ní, "Á-à, ẹnu yín dùn, Àlàájà!" Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin, Sìkírá, ló fi bí ìlú ṣe rí ránṣẹ́ sí mi. Òun nìkan ló mọ orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n ń gbé ohùn mi kiri gbogbo ọjà. Àwọn ọmọdé ń tọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin "Àlàájà orí rédíò". Ọṣẹ rẹ̀ wà lórí igbá, kò sẹ́ni tó rà á. Ẹgbẹ́ àṣàlátù ní kó má wá síbi àdúrà mọ́ títí yóò fi mú Kùránì búra. Arúgbó náà ní òun kò ní búra. Ó ní, "Ṣé kí n tó di ara mi, Kùránì ni mo gbọ́dọ̀ fi búra?" Sìkírá tún sọ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún mi. Ó ní lọ́dún tí mo lọ, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti rán aṣọ funfun, ó ti dágbére fún àdúgbò. Àwọn ará àdúgbò ti wá fún un ní orúkọ wọn, bí a ṣe máa ń ṣe, pé kó bá àwọn dá a níwájú Káábà: ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tí àìsàn ń bá jà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù sókè òkun. Ọkọ̀ wa ti gbéra lóru, òun kò mọ̀. Ó jókòó lé àpò rẹ̀ ní ibùdókọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrun alásárì, ó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun. Wọ́n kúkú pè é. Ní Jẹ́dà ni, èmi ni mo sì dáhùn.

Ẹ gbà mí! Mi ò lè gbé oúnjẹ tí mo sè fún àwọn oníbàárà mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo sunkún títí. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi. Ó bí mi sí Mùtíù, ó bí mi sí Ọnárébù, ó wá bí mi sí ara mi jù. Obìnrin yìí kò rí Mẹ́kà, a tún fẹ́ gba orúkọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀! Mo mọ ohun tó máa ná mi. Bí mo bá sọ òótọ́, kò sí ìkámà, kò sí iléèwé fún Hàwáù, kò sì sí Tàndàbáwì fún wa mọ́. Mo gbé fóònù ti ìkòkò ìrẹsì. Mo ṣí níkàbù kúrò lójú, mo ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Oníke ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ ra abọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ mọ̀ mí. Orúkọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni mo fi wá síbí, mo ra àyè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn Ọnárébù, mo sì mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Òun ni Rábíátù. Èmi ni mo purọ́, òun kọ́." Mo fi ránṣẹ́ sí Sìkírá. Mi ò tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Kò pẹ́ tí Mùtíù fi pè mí. Kò pè mí ní Àlàájà mọ́. Ó ní, "Orí ẹ dàrú ni? O mọ̀ pé mo lè fi ọlọ́pàá mú ẹ lónìí?" Mo ní, "Ó yá, máa bọ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló ṣe ìwé tí mo fi wọlé, ṣé mo máa ní mi ò mọ̀ ọ́n ni?" Ó ní kí n ro ti ọmọ mi. Mo ní, "Ọmọ mi ni mò ń rò, Mùtíù. Ilé ọmọ ẹni kì í dúró lórí orúkọ opó." Ó já fóònù pa. Ṣùgbọ́n ó ti bá onílé mi sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Onílé ní kí n kó jáde kí ọlọ́pàá tó wá bá aláìníwèé nílé òun.

Ìbò dé. Ìyàwó Ọnárébù fìdí rẹmi. Mi ò sọ pé ẹni tó wọlé sàn jù ú lọ o. Àwọn èèyàn tirẹ̀ náà pè mí, wọ́n ní akínkanjú obìnrin ni mí, kí n wá fi ohùn mi kí wọn kú oríire, wọn kò ní gbàgbé mi. Mo ní kí wọ́n gbàgbé mi, jọ̀ọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ti ní orúkọ àwọn opó tiyín lọ́wọ́ ni?" Wọn ò pè mọ́.

Ọjọ́ tí mo ń di ẹrù ní Tàndàbáwì ni fóònù Sìkírá tún wọlé. Ohùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn náà ní, "Oníke." Mo gbé ẹrù ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ foríjì mí." Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, "Mi ò tíì forí jì ọ́. Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán ọ. Ṣé o ṣì lè dé Káábà?" Mo ní mo lè dé ibẹ̀. Ó ní, "Àwọn orúkọ tí wọ́n fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Sìkírá yóò kà wọ́n sí ọ létí. Àwọn tó ti kú wà níbẹ̀ o. Má fo ìkankan." Ó tún ní, "Ojú ń tì mí láti rí àwọn ènìyàn yẹn láti gbogbo ọdún yìí wá. Wọ́n rò pé mo gbàgbé wọn ni." Ó gbé fóònù fún Sìkírá.

Mo kọ gbogbo orúkọ náà sẹ́yìn páálí ìrẹsì. Mo mọ̀ pé wọ́n lè dá mi dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n bi mí ní ìwé. Mo di Hàwáù lọ́wọ́ mú, a lọ lẹ́yìn ìrun alásárì, nínú oòrùn. Bí mo ṣe ń yí Káábà po ni mò ń dá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wá ọmọ lọ́dún náà, Sìkírá ti sọ pé ó ti bí mẹ́ta. Mo ṣì dá a. Ẹni tí àìsàn ń bá jà ti kú tipẹ́. Mo dá a. Lẹ́yìn ìyípo keje, mo ní, "Olúwa, obìnrin tó ń jẹ́ Rábíátù kò tíì wá síbí o. Ó wà nílé, ó ń retí. Èmi tí mò ń dáhùn orúkọ rẹ̀, orúkọ mi rèé." Mo dá orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Hàwáù gbójú sókè, ó bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ìyá rẹ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dá àlejò tí kò níwèé padà sílé. Mùtíù kò rí mi fà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti gba ìtẹ̀ka mi, wọ́n ní kí n máa retí ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹn ni mò ń retí ní Báládì níbí. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi gan-an sórí ìwé ìpadàbọ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Hàwáù kò mọ̀ ju gbólóhùn Yorùbá mélòó kan lọ, báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nílé? Ẹgbẹ́ àṣàlátù ńkọ́, bí wọ́n bá pè mí ní Àlàájà láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé kí n dá wọn lóhùn ni, àbí kí n kọjá? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá Mẹ́kà lójú méjèèjì, ẹ gbọ́ mi: bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àyè opó ṣí sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rìn dé ilé opó náà. Ọ̀nà náà kò jìn. Èmi ti gba òdìkejì rẹ̀ dé Mẹ́kà, mo ti lo ọdún mọ́kànlá, ilé rẹ̀ náà ni mò ń padà lọ kàn báyìí. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní kọ́kọ́ ya ilé Sìkírá. Bóyá Ìyá Ọlọ́ṣẹ á ṣílẹ̀kùn, bóyá kò ní ṣí i, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bi mí láti inú ilé pé, "Ta nìyẹn?", orúkọ mi ni màá fi dá a lóhùn.